Ibi Tí Ilé Bàbá Látúndé Ti Ń Jò

Èmi ni mo da omi sí kòkó náà. Bàámi ní kí n bu igbá omi kan, kí n rọra wọ́n ọn sí i. Igbá mẹ́ta ni mo dà, mo sì fi ọwọ́ pò ó dáadáa kí omi lè dé ìsàlẹ̀ àpò. Títí di òní, bí àwọn ará abà wa bá pàdé níbikíbi, tí ọ̀rọ̀ sì kan bí ilé wa ṣe di ahoro, wọn a ní, "Ojúkòkòrò Àkànjí ni," èmi náà a sì máa mi orí pẹ̀lú wọn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Àkànjí ni orúkọ bàbá mi. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ Bàámi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bu omi kì í ṣe ọwọ́ Bàámi, ẹnu tó sì purọ́ bo omi náà mọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹnu wọn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Òrùlé ni mo mọ̀ ọ́n kàn ju ọ̀rọ̀ lọ. Ibi tí gbólóhùn mi bá ti wọ́, kí ẹni tó ń kà á bá mi fojú fò ó.

Abà Ọlọ́sàn ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Ẹni tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ní ojú títì, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa, òógùn yóò sì gbẹ mọ́ ọn lára lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́ igbe àkùkọ wa. Ilé mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ewé gbòdògì ni wọ́n fi bo gbogbo wọn. Bí mo bá dijú báyìí, etí ni mo fi ń rí ilé wa. Ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, ni yóò kọ́kọ́ jí. Ṣáá, ṣáá, títí dé ìdí igi ọsàn, wọn a dúró, wọn a wúkọ́, wọn a tún máa gbá a lọ. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi yóò máa fi omorogùn ro ẹ̀kọ gbígbóná nínú ìkòkò dúdú, ewúrẹ́ yóò máa fi ìwo họ ara ògiri, Bàámi yóò máa pọ́n àdá lórí òkúta lẹ́yìnkùlé. Bí òjò bá rọ̀, a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Inú ilé á kàn dákẹ́ ni, èéfín ààrò á máa yọ jẹ́jẹ́ láàárín ewé, òórùn iṣu sísun á gba yàrá dé yàrá, Ìyá Àgbà á ní, "Àlàbí ọkọ mi, wá jẹ tìrẹ kó tó tutù." Abẹ́ páànù ni mò ń sùn ní Ọlọ́runṣògo nílùú Ìbàdàn báyìí. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń ta jí bí ẹni tí wọ́n ń ju òkúta lù. Mà á dìde jókòó sórí ẹní, mà á máa wá ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn kiri.

Bàbá Látúndé ló bo ilé náà fún wa. Ilé wọn kọjú sí tiwa, igi ọsàn kan ló wà láàárín. Wọ́n ju Bàámi lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, òun ni Látúndé, ó sì kú ní kékeré. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù sára bàbá rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí di ọmọ tiwọn. Kò sí ẹni tó mọ ilé bò bíi tiwọn ní gbogbo agbègbè yẹn. Wọn a to gbòdògì lé ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, wọn a máa kọrin wúyẹ́wúyẹ́, wọn a ní, "Ewé ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ̀ pé òjò rọ̀." Èmi ni mo máa ń na ewé sí wọn láti ilẹ̀. Bí mo bá na èyí tó ya, wọn a jù ú padà lé mi lórí: "Gbé e lọ fún ìyá rẹ, kí ó fi di ẹ̀kọ!"

Àáró ni àwọn àti Bàámi jọ máa ń ṣe, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin mẹ́ta mìíràn ní abà. A jọ ṣe oko tèmi lónìí, a jọ ṣe tìrẹ lọ́tunla. Kò sí owó níbẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń san fún ara wọn. Ọjọ́ tó bá kan oko kòkó wa, Bàbá Látúndé ni í mú ọ̀pá gígùn tí wọ́n so dòjé mọ́ lẹ́nu, tí a fi ń gé orí kòkó lókè. Ohùn wọn á gba oko kan: "Ẹ gé e o, ẹ má fà á! Igi kòkó ní ojú tó fi ń so. Bí o bá fà á ya, o ti fọ́ ọ lójú nìyẹn, kò ní so níbẹ̀ mọ́ láéláé." Bàámi a dáhùn láti ìdí igi kejì: "Bàbá Látúndé, ẹ jẹ́ á ṣe kíá jàre. Kòkó kì í kúkú ṣe ọmọ ìyá yín." "Ìwọ lo rò bẹ́ẹ̀, Àkànjí. Ọmọ ìyá mi kò ra ẹ̀wù fún mi rí. Kòkó ti rà á." Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Bó bá di ọ̀sán, a ó jókòó yí òkìtì kòkó ká, a ó máa fọ́ ọ, àwa ọmọdé á máa fá omi funfun ara rẹ̀ lá títí ahọ́n á fi máa ta wá. Ìyá mi á gbé ẹ̀kọ dé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìgbín tí a ṣà lábẹ́ igi kan náà. Mo ti jẹ ẹran ìlú lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti jẹ ìrẹsì ilé olówó tí mo ń bá kanlé. Mi ò tíì rí ohun tó dà bí ìgbín ọjọ́ àáró.

Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi ń bo kòkó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí gbogbo abà á máa rùn bí ọtí tó kan, lẹ́yìn náà la ó sá a sórí ẹní. Iṣẹ́ mi ni láti máa fi ẹsẹ̀ rò ó nínú oòrùn. Ìyá Àgbà ni adájọ́. Wọn a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọn a gbé e sí etí, wọn a fún un. "Kò tíì sọ̀rọ̀," wọn a ní, wọn a dà á padà. Ọjọ́ tó bá dún ṣàkàṣàkà ní ọwọ́ wọn, wọn a rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ dà á sápò." A ó wá ru àpò náà lọ sí ilé Bàbá Látúndé, nítorí yàrá kan ní ilé wọn ni sítọ̀ọ̀ abà. Ibẹ̀ ni kòkó gbogbo wa ti ń dúró de ọkọ̀ oníṣòwò. Bàbá Látúndé ló ń mú kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo sì máa ń bá wọn ti ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti ń ṣọ́ kòkó ẹlòmíràn kí wọ́n tó bí mi, hóró kan kò sọnù rí.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, kòkó so débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀. Ọdún náà gan-an ni Bàámi lọ kí ẹgbẹ́ wọn kan ní Ìyànà Ọ̀fà, tí wọ́n bá a lábẹ́ páànù tuntun. Ìgbà tí wọ́n dé, wọn ò jẹun. Wọ́n dúró lójúde, wọ́n ń wo òrùlé wa bí ẹni ń wo egbò.

"Láti ojú títì ni mo ti rí i," ni wọ́n sọ fún ìyá mi. "Oòrùn kọlù ú, ó ń kọ yẹ̀rì. Èmi tí mo ní oko jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta rèé, tí mò ń sùn lábẹ́ ewé bí àparò."

Ìyá mi ní, "Bàbá Àlàbí, ṣé ilé wa ń jò ni?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ilé jíjò?"

Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò gbójú sókè. "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, Àkànjí. Ẹni tó ń wo òrùlé olórùlé, ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ ni yóò ti kọsẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń yí padà nínú ilé. Ewúrẹ́ méjèèjì tí Ìyá Àgbà ń sìn lọ sọ́jà, a kò gbọ́ ìwo lára ògiri mọ́. Ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, ẹja tẹ̀lé e. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, Bàámi á ní, "Bó bá jẹ́ páànù ni, kò ní mì." Bí aláǹgbá bá já bọ́ láti àárín ewé, wọn a máa wò ó tìkà-tẹ̀gbin bí ẹni pé èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Ní ọjọ́ kan, tí a jọ ń ti oko bọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ohun tí wọn kì í sábà ṣe. "Àlàbí, ọjọ́ tí páànù bá gun ilé yẹn, ìwọ náà á wọ bàtà." Mo dúró sójú ọ̀nà. Ọmọ olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní bàtà pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ní okùn, tó máa ń dún kò, kò, kò lórí sìmẹ́ǹtì bó bá ń lọ síbi àga iwájú, tí gbogbo àwa ẹlẹ́sẹ̀ òfìfo á máa yíjú wò ó. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí Bàámi ṣe ń rí páànù lójú oorun ni èmi ń gbọ́ bàtà. Àwọn ènìyàn máa ń sọ̀rọ̀ ojúkòkòrò bí ohun tó ń ṣe àgbàlagbà. Èmi mọ ọjọ́ orí tí tèmi dé, mi ò sì tíì pé ọdún mọ́kànlá.

Kòkó wa gbẹ, ó sì sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ oníṣòwò ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú òṣùwọ̀n, bí àpò bá sì ṣe wúwo tó ni èrè rẹ̀ ṣe tó. Bàámi pè mí sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí Ìyá Àgbà ń rẹjú. Ojú wọn kò bá tèmi. "Bu igbá kan, wọ́n ọn sí àpò méjì tó wà níwájú yẹn, kí ó lè wúwo sí i díẹ̀. Lọ́la ni wọ́n ń gbé e lọ. Kò tíì ní mọ̀ pé òun mu omi tí yóò fi dé Ìbàdàn." Wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Èmi nìkan ló kù, àti àmù omi. Mo da igbá kìíní. Mo wo àpò náà, kò jọ pé ó wúwo sí i. Mo ronú pé bí igbá kan bá lè ra páànù, ẹ̀kejì á ra bàtà, ẹ̀kẹta á mú kí bàtà náà jẹ́ olókùn. Nígbà tí mo parí, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo gbé e sí etí bí mo ṣe ń rí Ìyá Àgbà, mo fún un. Kò sọ nǹkan kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a ru gbogbo rẹ̀ lọ sí sítọ̀ọ̀, tí a sì to méjèèjì tó tutù náà sáàárín ti àwọn ará abà, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Òjò rọ̀ mọ́jú. Òjò àìròtẹ́lẹ̀ ni, ó gbé afárá igi tó wà lọ́nà Ìyànà Ọ̀fà lọ. Ọkọ̀ kò lè wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kòkó fi wà nínú yàrá tí a tì pa náà, mo sì ń bá Bàbá Látúndé ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lálaalẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n gbé imú sókè. "Àlàbí, ǹjẹ́ o gbọ́ òórùn kan?" Mo ní mi ò gbọ́.

Ìgbà tí ọkọ̀ dé, ìsípẹ́kítọ̀ tó ń yẹ kòkó wò bá a wá. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó mú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan lọ́wọ́. Ó gún àpò kìíní, ó da ohun tó fà yọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó là á sí méjì. Ó gún ìkejì. Ó gún ìkẹta. Kòkó ti bu, ó hu funfun bí òwú. Bíbu náà sì ti ti àpò wa ràn mọ́ ti gbogbo ènìyàn, mọ́kànlá nínú mẹ́rìndínlógún. Ó nu irin rẹ̀ mọ́ ewé. "Ẹ kó ìdọ̀tí yín padà," ó ní. "Ta ló ń tọ́jú ilé yìí?"

Bàbá Látúndé ní, "Èmi ni, ọ̀gá."

"Ẹ lọ dí òrùlé yín."

Gbólóhùn kan náà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọkọ̀ kò tíì yí padà tí ariwo ti sọ. Iṣẹ́ ọdún kan ló ṣòfò fún ilé mìíràn. Ìyàwó kan tiẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀yin tí ẹ ń bo ilé gbogbo ayé!" ni ó ń wí. "Bàbá Látúndé, tiyín lẹ wá fi sílẹ̀ tó ń jò lé wa lórí?" Bàbá Látúndé wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ilé mi kò jò," ni wọ́n sọ. "Ẹnìkan ló gbé omi wọ inú rẹ̀." Bàámi ló kọ́kọ́ fèsì, ohùn wọn le ju bó ṣe yẹ lọ: "Ṣé olè lẹ fẹ́ pè wá ni? Ẹ ti ń dàgbà, Bàbá Látúndé. Ewé náà sì ti ń dàgbà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀."

Bàbá Látúndé kò bá wọn jiyàn. Wọ́n gbé àkàbà, wọ́n ní kí a máa pọnmi. Lójú gbogbo abà ni wọ́n gun orí ilé ara wọn, arúgbó tí orúnkún ń dùn, tí wọ́n ń da omi láti apá kan dé apá kejì, garawa lé garawa, tí àwọn ènìyàn dúró nínú yàrá tí wọ́n ń wòkè. Kò sí ẹ̀kán omi kan tó wọlé. Omi ń ṣàn lọ sí etí òrùlé bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ẹnìkan wá sọ lẹ́yìn pé, "Wọ́n ti ní ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n lè fi dí i." Ni Bàbá Látúndé bá sọ̀ kalẹ̀, tí omi ń kán lára ṣòkòtò wọn, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi láàárín èrò.

"Ẹ bi Àlàbí. Òun ló ń bá mi ti ilẹ̀kùn lójoojúmọ́, ọmọ náà kì í purọ́ fún mi. Àlàbí, sọ fún wọn. Ṣé o rí i kó jò rí?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sí ẹni tó halẹ̀ mọ́ mi. Bàámi kò ṣẹ́jú sí mi. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, ẹ̀rù ń bà wọ́n bí ó ṣe ń bà mí. Bí mo bá sọ òtítọ́ níbẹ̀, ìtìjú ni à bá jẹ, à bá fi ọjọ́ iṣẹ́ bẹ àwọn ènìyàn, ọdún á sì yí. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Eruku ló wà lára rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ní, "Ó ń jò. Mo rí i." Mo na ìka sókè, mi ò nà án sí ibì kan pàtó, mo sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀.

Bàbá Látúndé wo òkè náà pẹ́. Wọn kò bú mi. "Mo gbọ́," ni wọ́n wí, ohùn wọn rẹlẹ̀ bí ẹni tí dókítà sọ àìsàn rẹ̀ fún. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, wọ́n gbé e lé orí àpò kòkó. Ní oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, Bàámi mú orí ẹja kan ṣoṣo tí a rí lóṣù náà nínú àwo tiwọn, wọ́n gbé e sínú tèmi láìsọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà rí i. Wọ́n wo Bàámi, wọ́n wò mí, wọ́n sì ti àwo tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò pè mí ní ọkọ mi mọ́. "Ìwọ ọmọ yìí" ni mo dà.

Kò sí ẹni tó lé Bàbá Látúndé. Àáró kàn yí po, kò kàn wọ́n; ẹni tó ní kí wọ́n wá bá òun bolé ránṣẹ́ pé òun ti rí ẹlòmíràn. Wọ́n ṣe oko tiwọn fúnra wọn títí òjò fi dá. Ní àárọ̀ kan, mo rí i tí àwọn àti ìyàwó wọn di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹbí kan ní ẹ̀yìn Àkànrán. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n tú òrùlé yàrá sítọ̀ọ̀ náà palẹ̀. Mo rò pé ìbínú ni. Wọ́n kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n kí Ìyá Àgbà, wọ́n sì fi ọwọ́ pa mí lórí. 

Páànù dé. Bàámi ti fi kòkó ọdún tó ń bọ̀ lé oníṣòwò lọ́wọ́ nígbà tó ṣì wà ní òdòdó, owó ìyẹn ni wọ́n fi ra páànù náà. Ó dán. Àwọn ènìyàn ti abà mìíràn wá wò ó, Bàámi dúró lójúde pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn. Bàtà tèmi náà dé, olókùn. Ó ta mí lẹ́sẹ̀ ní Sọ́ńdè kìíní, ó sì ti fún mi jù kí ọdún tó parí. Kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ọ̀ di tiwa, torí pé òrùlé wa ni kò lè jò. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé páànù máa ń láàgùn. Bí òtútù òwúrọ̀ bá mú un, omi á dì sí inú rẹ̀, á sì máa kán tó, tó, tó, lé ohun tó bá wà nísàlẹ̀. Kòkó bu nínú ilé wa lọ́dún náà, láìsí ọmọdé kankan tó da omi sí i. Àwọn ará abà wo òkè, wọ́n wò wá, kálukú gbé àpò rẹ̀ lọ sílé, àáró sì tú ká pátápátá.

Oníṣòwò náà ń fẹ́ kòkó rẹ̀. Ọwọ́ Bàámi nìkan kò lè ká oko, wọ́n bá gba lébìrà, wọ́n sì ní kí wọ́n ṣe kíá. Àwọn yẹn kò mú dòjé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lọ́ orí kòkó, wọ́n ń fà á ya pẹ̀lú èèpo igi, àti èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n. Mo dúró nínú oko náà, mò ń gbọ́ ọ, fàà, fàà, bí aṣọ tí wọ́n ń ya. Mo ń gbọ́ ohùn Bàbá Látúndé pẹ̀lú: ẹ gé e o, ẹ má fà á. Bàámi náà gbọ́ ọ, mo mọ̀, nítorí wọ́n yíjú lẹ́ẹ̀kan bí ẹni pé ẹnìkan pè wọ́n. Ọdún tó tẹ̀ lé e, igi dúró nínú ewé tútù, kò sí èso lára ẹ̀. A ti fọ́ wọn lójú.

Oníṣòwò kó àwọn ọkùnrin wá, wọ́n fi òòlù tú páànù wa, ìṣó kan lẹ́yìn òmíràn. Oko tẹ̀ lé e lọ. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí lójúde, oòrùn ń wọ inú yàrá wọn láti òkè. "Àlàbí ọkọ mi," ni wọ́n pè mí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn; mo sáré lọ lóṣòó tì wọ́n. Wọ́n ń wo ògiri òfìfo náà. "Ta ni yóò wá bá wa bolé báyìí?"  Òjò méjì péré ni ògiri amọ̀ náà gbà kó tó wó. Yàrá tí a yá ní ilé àna Bàámi ni Ìyá Àgbà kú sí. Ẹrù iṣu ni Bàámi ń rù fún àwọn oníṣòwò ní ọjà Ṣáṣá báyìí, Bàámi tí iṣu oko tiwọn kún àká rí. Bí mo bá lọ kí wọn, a jọ máa ń sọ̀rọ̀ ara líle àti ìyá mi. A kò dárúkọ Bàbá Látúndé rí.

Ọyẹ́ tó kọjá, mo wà lórí ilé kan ní Ìyànà Ọ̀fà, mò ń kan páànù, nígbà tí bàbá arúgbó kan tó ń dúró de ọkọ̀ nísàlẹ̀ kí mi: "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ fara balẹ̀ lókè yẹn." Ohùn Bàbá Látúndé ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ojú wọn ti di bàìbàì, wọ́n fi ọwọ́ wá orí mi kí wọ́n tó mọ̀ mí. "Àlàbí! Ìwọ lo dà báyìí? Ìyá Àgbà ńkọ́?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n káàánú, wọ́n gbàdúrà, wọ́n bèèrè Bàámi láìsí ìbínú lóhùn wọn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń bolé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Láti Ọlọ́sàn, mi ò bo ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Kí n wá lọ ba kòkó ẹlòmíràn jẹ́?" Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọ̀gá tó ń bi ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

"Ọmọ mi, ibo gan-an ló ń jò? O tètè sọ ìka rẹ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò rí ibi tó nà sí. Kí n tó kúrò, mo tú ewé ọ̀hún palẹ̀, mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá a títí, mi ò rí i. Mo ṣì ń wá a. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń to ilé yẹn lọ́kàn mi láti ìdí, ewé kan lórí èkejì, kí n lè mọ ibi tí ọwọ́ mi ti ṣìnà. Ìwọ rí i. Sọ ọ́ fún mi."

Mo la ẹnu. Ọkọ̀ Àkànrán dé, kọndọ́tọ̀ ń pariwo, ẹnìkan di apá wọn mú láti ràn wọ́n wọlé, wọ́n sì ń yí ojú wọn tó ti bàìbàì náà padà sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà. Mo gbé ọwọ́ sókè. Wọn kò lè rí i.

Ó ti tó ìgbà mẹ́ta tí mo dé gáréèjì Àkànrán lẹ́yìn ìyẹn. Lẹ́ẹ̀kan, mo tiẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ kí n tó bọ́ sílẹ̀. Mo ra ẹ̀wù fún wọn, ó wà nínú àpótí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀wù kọ́ ni mo jẹ wọ́n. Arúgbó kan wà lẹ́yìn Àkànrán tó ń tú òrùlé rẹ̀ palẹ̀ lọ́kàn lójoojúmọ́, tó ń wá ihò tí èmi fi ẹnu lu síbẹ̀. Èmi nìkan ni mo lè sọ fún wọn kí wọ́n sinmi: Bàbá, kò jò. Ilé yín kò jò rí.